Kẹ́hìndé Kì í Ṣíwájú

Ìbéèrè kan wà tí mo kórìíra ju ìdánwò ìṣirò lọ. Ìbéèrè náà ni, "Táyé ńkọ́?" Bí èmi nìkan bá lọ ra búrẹ́dì, ẹni tó ń tà á á ní Táyé ńkọ́. Bí mo bá kọ́kọ́ wọ kíláàsì, wọ́n á ní Táyé ńkọ́. Lọ́jọ́ kan tí inú ń run mí, tí mo sáré wọ ilé ìyàgbẹ́ níléèwé, ọmọ JSS1 kan wá kan ilẹ̀kùn mọ́ mi, ó ní, "Sìsítà, ẹ jọ̀ọ́, Táyé ńkọ́?" Mo ní ó wà nínú àpò mi.

Èmi ni Kẹ́hìndé. Ọmọ́tárá lorúkọ tó wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ní gbogbo Òkè-Baálẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é àfi tíṣà tó bá ń pe orúkọ láàárọ̀. Ọmọbìnrin ni àwa méjèèjì, ojú kan náà, ohùn kan náà. Ibi tí a ti yàtọ̀ ni pé Táyé kò lè jókòó sójú kan. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá. Bí iléèwé bá ti jáde, á bọ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrò lórí ṣòkòtò péńpé tó ti wọ̀ sábẹ́ láti ilé, ó di orí pápá. Èmi ni mo máa ń gbé báàgì méjèèjì wálé.

Ẹ̀yin náà mọ bí àwa Yorùbá ṣe ń sọ ọ́. Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Inú ìyá ló ti rán Táyé níṣẹ́ pé, "Jáde, lọ bá mi tọ́ ayé wò. Bó bá dùn, kí o ké sí mi." Táyé á jáde, á ké, ẹ̀gbọ́n á wá tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni. Àwọn ẹlòmíràn máa ń fi dápàárá níbi ìkómọ. Nílé tiwa, òfin ni.

Ibi tí òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni wá. Àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ wọ jẹ́lé-ó-sinmi, ara Táyé gbóná. Bàbá wa, Awódélé, ní kí ìyá wa mú èmi nìkan lọ, pé Táyé á wá lọ́la. Wọ́n mú mi lọ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gìrì ti gbé Táyé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò nílé ìwòsàn. Àwọn ìyá àgbà inú agboolé bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun wá kí ìyá wa níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ní, "Rùkáyà, o jẹ́ kí ẹni tó rán ni níṣẹ́ lọ jẹ́ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Kí lo wá fẹ́ kí ẹni tí wọ́n rán dúró ṣe láyé?"

Ọmọ Iléṣà ni ìyá wa, mùsùlùmí tó ń kírun márààrún ni wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun bá sọ, etí kan ló ń gbà wọlé, á gba èkejì jáde. Ṣùgbọ́n èyí wọlé, kò jáde mọ́. Láti ọjọ́ náà, Táyé ni wọ́n ń kọ́kọ́ gún lábẹ́rẹ́, Táyé ló ń kọ́kọ́ wọ bàtà tuntun, Táyé ni wọ́n ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Mo ti tò sẹ́yìn rẹ̀ títí débi pé mo mọ ẹ̀yìn orí Táyé ju ojú rẹ̀ lọ.

N kò bínú sí gbogbo ìyẹn. Bàtà ni bàtà ń jẹ́, bó pẹ́ bó yá á kàn mí. Ti èsì JAMB ló wá ká mi lára.

Mo gba igba ó lé mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Táyé gba mọ́kàndínláàádọ́jọ. Láti SS1 ni mo ti ń kàwé bí ẹni pé wọ́n ń lé mi, torí pé iṣẹ́ dókítà ẹran ni mo fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan rọbí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọmọ kò jáde. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wá ẹsẹ̀ ọmọ náà kàn, tí mo sì rọra fà á títí tó fi bọ́ sílẹ̀. Ìyá ewúrẹ́ yẹn wò mí. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti ro iṣẹ́ mìíràn mọ́.

Ìyá wa wo ìwé èsì méjèèjì. Wọ́n ká tèmi, wọ́n fi sínú ti Táyé.

"Alhamdulillah," ni wọ́n wí. "Ẹ máa jọ tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀."

"Mọ́mì, èmi kò ní ohun tí mo fẹ́ tún ṣe."

"Mo gbọ́. Ẹ máa jọ tún un ṣe."

"Wọ́n á gbà mí lọ́dún yìí, Mọ́mì. Ẹ wo iye tí mo gbà."

"Wọ́n á gbà ọ́, kí n wá máa gbé Táyé kiri ilé ìwòsàn? Ojú mi rí i lẹ́ẹ̀kan. Kẹ́hìndé kì í ṣíwájú nínú ilé yìí. Lọ fọ abọ́."

Mo lọ fọ abọ́. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi sínú ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe ẹlẹ́kún. Nígbà tí Bàbá dé láti Àbẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, mo bá wọn sọ ọ́. Wọ́n tú okùn bàtà wọn, wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n ní, "Sùúrù, ọmọ mi. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ẹ̀sọ̀ yẹn náà ni wọ́n ti fi ń mú ọ̀rọ̀ ìyá mi láti ọdún mẹ́tàlá. Kò bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò yí padà. Mo mọ ohun tó ń ṣe Bàbá. Àwọn ló ní kí wọ́n mú mi lọ síléèwé lọ́jọ́ gìrì. Láti ìgbà náà ni wọn kò ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́ lórí wa.

Báyìí ni a ṣe wọ ọ̀sẹ̀ tí a fi máa jáde iléèwé. Ìwé kan péré ló kù nínú WAEC, Bàọ́lọ́jì, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Micah tó ń kọ́ wa ní Bàọ́lọ́jì pè mí sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ní ṣé mo ti gba fọ́ọ̀mù ìdánwò tí yunifásítì fúnra wọn ń ṣe lẹ́yìn JAMB. Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Jímọ̀ yìí ló ń parí o. Bó bá ti di òru Jímọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Kí lò ń dúró dè?"

N kò lè sọ pé Táyé ni mò ń dúró dè. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ohun tó mú un le ni pé nọ́ńbà ìyá wa la fi forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Bí mo bá ṣí fọ́ọ̀mù náà níbikíbi láyé, orí fóònù wọn ni wọ́n máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá kóòdù náà á kú. Fóònù yẹn kì í sì í kúrò ní ìdí ìró wọn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí wọ́n ti ń kírun ìrọ̀lẹ́, mo rí i lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo rọra na ọwọ́. Wọn kò dá ìrun dúró, wọn kò wo ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n máa forí kanlẹ̀, wọ́n kàn gbé orúnkún lé e.

Lọ́jọ́rú ni Màmá Iléṣà dé. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà ní Iléṣà, ọkọ wọn ti kú, wọn kò sì bímọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá ni wọ́n ń tọrọ ọ̀kan nínú wa, bí ẹni ń tọrọ iyọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n tẹnu mọ́ ọn. Wọ́n ní ojú àwọn kò ríran dáadáa mọ́, àwọn ọmọ tí àwọn ń gbà síṣẹ́ ń kó àwọn láṣọ lọ.

"Ọdún mẹ́ta péré, Rùkáyà. Ọmọ ẹni ni èèyàn ń fi ṣọ́ nǹkan ẹni."

"Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í pínyà, Àǹtí mi."

"Wọn kì í pínyà. Ṣé ọkọ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì máa wá fẹ́?"

Ìyá wa rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé iyán sílẹ̀ níwájú wọn, ọ̀rọ̀ sì kú síbẹ̀. Èmi àti Táyé wo ara wa. A mọ ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí a ṣe tán ní JSS3, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò níbẹ̀. Kò ní fèrèsé. Kí a tó ṣí i, aṣọ là ń ká; kí a tó tì í, aṣọ náà là ń tún ká. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bọ́ síta, torí oníbàárà lè dé nígbàkígbà. Ó le fún mi, ṣùgbọ́n mo gbé ìwé lọ, mo ń kà á lábẹ́ kàǹtà. Ṣe ni Táyé dà bí aláìsàn. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, kò sọ̀rọ̀ mọ́, a ní kó jẹun, á mi orí. Ọjọ́ tí a padà dé Òṣogbo, kò tilẹ̀ wọlé. Orí pápá ló gbà lọ pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ a kọ Bàọ́lọ́jì. Ìdánwò náà rọrùn débi pé inú bí mi. Bí a ti jáde, gbogbo kíláàsì gbé bíró, wọ́n ń kọ nǹkan sí ara ṣẹ́ẹ̀tì funfun ara wọn. Orin ń lọ, àwọn ọmọbìnrin ń sunkún, àwọn ọmọkùnrin ń díbọ́n pé eruku ló wọ àwọn lójú. Ẹnì kan kọ ọ́ sẹ́yìn mi pé, "Dókítà ẹran, Ìbàdàn ti gbà ọ́." N kò rí i títí mo fi délé bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń wò ó. Ọ̀la ni Jímọ̀.

Táyé wọlé. Ara ṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kò ní àlàfo mọ́. Ó rí ojú mi, ó jókòó tì mí.

"Kẹ́hìn, ọdún kan kò pọ̀. Èmi náà á kàwé lọ́tẹ̀ yìí. Mo ṣèlérí."

"O ṣèlérí lọ́dún tó kọjá."

"Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n dá ọ dúró."

Orí mi gbóná. Ẹ̀yin àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe náà, mo sì ju ẹyin náà sílẹ̀ gbàgà. Mo ní, "Ìwọ ni! Láti ọjọ́ tí o ti jáde nínú Mọ́mì, ẹnu ọ̀nà lo dúró sí. O kò lọ, o kò jẹ́ kí ẹlòmíràn kọjá. Bí o bá máa lọ, lọ. Bí o kò bá ní lọ, yẹ̀ fún mi!"

Mo rò pé á lù mí. A máa ń ja ìjà dáadáa, èmi àti ẹ̀. Ṣe ló ń fi èékánná họ yíǹkì lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wá dìde, ó jáde lọ síta. N kò bẹ̀ ẹ́. Kí n má purọ́, ara tù mí pé mo ti sọ ọ́.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, Bàbá ti lọ sí Àbẹ̀rẹ̀. Màmá Iléṣà ń dúró de ọkọ̀ tó máa wá gbé wọn ní aago mẹ́wàá. Ìyá wa ń bu ẹ̀kọ àti àkàrà, wọ́n sì na àwo Táyé síwájú gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Táyé kò gbà á. Ó gbé báàgì kan jáde láti yàrá, ó kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, mo fẹ́ bá Màmá Iléṣà lọ."

"Lọ síbo?"

"Iléṣà. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n wí."

Màmá Iléṣà kò jẹun mọ́. Ìyá wa gbé àwo náà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ tí o kò lè jókòó fi jẹun tán? Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ ní èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Mo ti ń jáde. Ẹ fún Kẹ́hìn ní fóònù kó ṣe fọ́ọ̀mù rẹ̀."

"Irú ìjáde yìí kọ́ ni mo wí, Táyé."

"Ẹ kò sọ irú èyí tó jẹ́, mà."

Bí wọ́n bá ní kó má lọ, òfin wọn ti fọ́ lójú ẹ̀gbọ́n wọn. Bí wọ́n bá ní kó lọ, ọmọ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣòfin náà ló ń lọ yìí. Wọ́n wo Táyé títí, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Kẹ́hìndé. Ṣé ìwọ lo rán an?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Táyé náà ń wò mí láti orí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Rárá, mà."

Ìyá wa tú ìdí ìró wọn. Wọ́n yọ fóònù náà, wọ́n nà án sí mi, wọn kò sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo ní láti fà á díẹ̀.

Mo gbé e wọ yàrá. Mo tẹ nọ́ńbà JAMB mi, wọ́n ní àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́. Ó dé: nọ́ńbà mẹ́fà. Bí mo ti ń tẹ èkejì ni mo gbọ́ fèrè ọkọ̀ níta. Màmá Iléṣà ń pè pé kí wọ́n wá gbé ẹrù. Táyé dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó dúró.

"Kẹ́hìn, mo ń lọ o."

Mo mọ̀ pé kò fẹ́ lọ. Mo mọ̀ ọ́n láìwo ojú rẹ̀. Bí mo bá ní, "Má lọ," á sọ báàgì yẹn sílẹ̀ kí n tó pa ẹnu dé, á sì ti dé orí pápá kí ọkọ̀ náà tó yí padà. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Mo na ìka kan sókè sí i pé kó ní sùúrù, pé kóòdù fẹ́ kú. Irọ́ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló ṣì kù, mo sì lè gba òmíràn, torí fọ́ọ̀mù náà kò ní tì títí di òru. Ojú rẹ̀ ni n kò fẹ́ wò. Mo tẹ ẹ̀kẹta, mo tẹ ẹ̀kẹrin. Nígbà tí mo tẹ ẹ̀kẹfà tí mo gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà.

N kò sáré. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ iléèwé mi, mo yan iṣẹ́ dókítà ẹran, mo fi fọ́tò sí i. Mo wo ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó lọ, ó sì lọ. Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti SS1 nìyẹn.

Nígbà tí mo jáde, ìyá wa nìkan ló wà níwájú ilé. Wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kò sí ọkọ̀ lójú ọ̀nà mọ́.

"O ò tilẹ̀ jáde wá sin ín," ni wọ́n wí.

"Fọ́ọ̀mù ni mò ń ṣe, mà."

Wọ́n mi orí. Ohùn wọn kò le nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀.

"Mo rò pé bí mo bá fún ọ ní fóònù náà, ìwọ lo máa ní kó má lọ."

Mo na fóònù sí wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n sì wọlé lọ kó àwo.